Báwo lẹ ṣe ń tọ́ bíà ESB wò kí ẹ tó sọ pé ó dára?

Àkànjí_Peckham: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹjọ mi rèé tí mo ti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù, bíà tó bá tutù nini ni mo mọ̀. Ní Sátidé mo ra ìgò Fuller's ESB (Extra Special Bitter, bíà Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń korò) kan, mo fi í sínú fíríìjì mọ́jú. Nígbà tí mo mu ún, kò ta sánsán rárá, ìkorò nìkan ló kù sí mi lọ́nà ọ̀fun. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi sì búra pé kò sí bíà tó tó o. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Àlàó_Deptford: Àbúrò, bíà yẹn kò ṣẹ̀ ọ́, fíríìjì ló pa á lẹ́nu mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú àgbá bíà ní abẹ́ ilé ọtí kan níbí, ESB sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tó gba ọwọ́ mi kọjá. Chiswick, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, láti 1971 ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọtí líle tó wà nínú tinú ìgò jẹ́ 5.9%, kì í ṣe ohun tí à ń gbé dà sọ́fun nítorí òùngbẹ.

Tí o bá tún ra òmíràn, gbé e kalẹ̀ títí ìgò kò fi ní làágùn mọ́. Má bù ú kún gíláàsì. Gbé e síwájú fèrèsé: ó yẹ kó pọ́n bíi bàbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Ọkà báálì tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n sì yan títí ṣúgà inú rẹ̀ fi dì, ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Wá gbọ́ òórùn rẹ̀: èèpo ọsàn tí a fi ṣúgà sè ni mo máa ń gbọ́. Ìwúkàrà wọn ló ń ṣe é.

Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti ESB yàtọ̀: adùn ló ń ṣíwájú, ìkorò wá ń gbá ẹnu mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tí adùn bá lẹ̀ mọ́ eyín, kò dáa. Tó bá ta ọ̀fun bí ògógóró, kò dáa. Ilé ọtí kan ti gbé èyí tó ń rùn bíi páálí tí omi rin fún mi rí. Atẹ́gùn ti bà á jẹ́, mo dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Abẹ̀kẹ́_Woolwich: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, àmọ́ ìgò ò lè sọ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ESB gba ipò kìíní bíà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ CAMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jà fún bíà tinú àgbá, ní 1978, 1981 àti 1985, tinú àgbá ni gbogbo rẹ̀. 5.5% ni, ó sì rọ̀ lẹ́nu ju tinú ìgò lọ. Kó lọ mu tinú àgbá ní ilé ọtí.

Àkànjí_Peckham: Ẹ ṣé gan-an. Lánàá mo gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Mo gbọ́ ọsàn yẹn! Èyí tó kù nísàlẹ̀ gíláàsì, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀gbọ́n Abẹ̀kẹ́, Sátidé tó ń bọ̀ mò ń lọ mu tinú àgbá.