Iṣan, ọ̀rá àti jíìnì nínú jẹjẹrẹ kíndìnrín: ibo ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀?

Bísí_Ayẹ̀wò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé ká wọn iṣan àti ọ̀rá nínú àwòrán CT (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà ní ègé-ègé) àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ kíndìnrín tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí TCIA, ilé ìpamọ́ àwòrán jẹjẹrẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àkójọ tí wọ́n ń pè ní TCGA-KIRC, ká wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn jíìnì tó yí padà nínú kókó wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ bà á rí, kí ni ká ṣọ́ra fún?

Akin_Àwòrán:
Àbúrò, kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n kílò tì ná. Kílò da iṣan, ọ̀rá, omi àti kókó pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ lè má ní iṣan tó nǹkan.

Ègé àwòrán kan ṣoṣo lo nílò, èyí tó gba ara eegun ẹ̀yìn kẹta níbi ìbàdí kọjá, L3. Mú ègé tí apá eegun náà, tọ̀tún tòsì, ti hàn gbangba bí ẹyẹ tó na ìyẹ́. Ka eegun láti òkè, láti ibi tí egungun ìhà tó kẹ́yìn so mọ́, kí o tún kà á láti ìdí wá sókè. Àwọn kan ní eegun ìbàdí mẹ́fà dípò márùn-ún. Ti àwọn mìíràn, karùn-ún ti lẹ̀ mọ́ egungun ìdí. Bí kíkà méjèèjì kò bá bára mu, ohun tí o pè ní L3 lè jẹ́ L2 tàbí L4, ìwọ̀n iṣan ibẹ̀ kò sì dọ́gba.

Iṣan wà láàárín −29 àti +150 HU, òṣùwọ̀n tí CT fi ń sọ bí ohun inú ara ṣe ki tó. Ọ̀rá abẹ́ awọ jẹ́ −190 sí −30, ọ̀rá inú ikùn −150 sí −50. 3D Slicer, ètò kọ̀ǹpútà kan, lè wọ̀n ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni. Pín iye iṣan ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin fún gíga ní mítà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ (gíga × gíga). Bí iṣan ọkùnrin kan bá jẹ́ 150, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1.70, ìdáhùn jẹ́ 51.9. Nínú ààlà tí wọ́n gbé jáde ní 2013, ọkùnrin tí BMI rẹ̀ (ìwọ̀n kílò sí gíga) tó 25 gbọ́dọ̀ ní 53 ó kéré tán, ẹni tí BMI rẹ̀ kò tó 25, 43 ti tó o, obìnrin, 41. Ẹ ò rí i: 51.9 kan náà, iṣan ti dín lára ẹni tó sanra, kò dín rárá lára ẹni tó tín-ín-rín.

Ibi tó ti máa ń dàrú gan-an nìyí: HU kókó kíndìnrín bọ́ sáàárín ti iṣan. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àwọ̀ kan náà ló máa fi kun méjèèjì. Kókó tó tóbi tó sọ̀ kalẹ̀ dé L3, tó rọ̀gbọ̀kú ti iṣan ẹ̀bá eegun, á sọ aláìsàn tó ti gbẹ di alágbára lórí ìwé. Ìsàlẹ̀ kíndìnrín àti ara ìfun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú ìfun a sì máa fara hàn bí ọ̀rá. Fi ọwọ́ nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Ti ẹni tó sanra púpọ̀, wò ó bóyá iṣan ẹ̀gbẹ́ ti bọ́ sí ìta àwòrán. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yọ ọ́ dànù.

Bísí_Ayẹ̀wò:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Tí wọn ò bá kọ gíga aláìsàn sílẹ̀ ńkọ́?

Akin_Àwòrán:
Má ṣe fojú bù ú. Lo ohun tí kò nílò gíga: ìpín ọ̀rá inú ikùn nínú gbogbo ọ̀rá tó wà ní ègé náà. Bó bá jẹ́ HU iṣan fúnra rẹ̀ lo fẹ́ kà láti mọ bí ọ̀rá ṣe wọ inú rẹ̀ tó, má da àwòrán tí wọ́n yà kí wọ́n tó fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ àfihàn (èyí tó ń mú ẹ̀yà ara hàn ketekete lórí CT) pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń gbé HU iṣan sókè.

Ìyá_Láàbù:
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti jíìnì. VHL, PBRM1, SETD2 àti BAP1, apá kúkúrú krómósómù 3 ni gbogbo wọn wà. Nínú oríṣi tó wọ́pọ̀ jù, clear cell, apá yẹn ló sábà máa ń já dànù, ẹ̀dà kan ti jíìnì kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyípadà tó bá wá kan ẹ̀dà kejì ló ń parí iṣẹ́.

Iṣẹ́ VHL ni pé kó fi HIF, purotéènì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì kojú àìtó ọ́síjìn, ránṣẹ́ sí ìparun nígbà tí ọ́síjìn bá tó. Bí VHL bá ti bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe bí ẹni tí èémí ń tán lọ: á máa pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, á máa gbé súgà mì, á sì kó ọ̀rá sínú. Ọ̀rá àti súgà yẹn ló ń wẹ̀ dànù nígbà tí a bá ń ṣètò ègé ẹran sórí gíláàsì, òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń dà bí omi lójú maikirosíkópù. Àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn ní 2019, Kaelin, Ratcliffe àti Semenza, ọ̀rọ̀ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ọ́síjìn dín ni wọ́n tú.

Bísí, má gba "VHL kò ní ìyípadà" gbọ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ́kísọ́nù àkọ́kọ́ rẹ̀ (apá jíìnì tó ń gbé àṣẹ purotéènì) kún fún lẹ́tà G àti C, ẹ̀rọ kì í fẹ́ kà á dáadáa. Methylation náà (àmì kẹ́míkà tó ń lẹ̀ mọ́ DNA) lè ti í pa láìsí ìyípadà kankan nínú lẹ́tà rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, PBRM1, SETD2 àti BAP1 lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan kókó kó má sí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ègé kan tí wọ́n gé kò jẹ́rìí fún gbogbo rẹ̀.

Àjàní_Oníṣirò:
Ẹ ṣọ́ra fún jíìnì KDM5C. Orí krómósómù X ló wà, ọkùnrin ni a sì ti sábà máa ń rí ìyípadà rẹ̀. Ọkùnrin ló tún ń ní iṣan àti ọ̀rá inú ikùn jù. Bí ẹ kò bá ya akọ kúrò lára abo, ẹ ó "ṣàwárí" pé KDM5C ń fún ènìyàn ní iṣan!

BAP1 náà ní tirẹ̀. Kókó tó ní ìyípadà rẹ̀ sábà máa ń le. Aláìsàn tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn máa ń rù, nítorí náà ìpele àrùn lè wà lẹ́yìn ohun tí ẹ rò pé jíìnì ṣe. Fi ìpele, ọjọ́ orí àti akọ-n-bábo sínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n ká ní àwòrán 100 ló wúlò, àwọn tó ní ìyípadà BAP1 lè má ju bíi mẹ́wàá lọ. Tí ẹ bá pín mẹ́wàá yẹn sọ́nà mẹ́ta, kí ló kù? Ẹ mú ìbéèrè kan tàbí méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí fáìlì jíìnì.

Dókítà_Ọ̀sán:
Àwòrán tí wọ́n yà kí iṣẹ́ abẹ àti oògùn tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, àwọn tó ń lo sorafenib, oògùn jẹjẹrẹ kíndìnrín, pàdánù 8% iṣan wọn láàárín ọdún kan.

Ẹ tún rántí pé aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àkójọ yìí. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ìyípadà VHL kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi aláìsàn tiwa kún un lọ́la, ẹ bi wọ́n léèrè irú ẹ̀jẹ̀ wọn (jẹ́nótáípù): ọ̀dọ́ tó jẹ́ AS, tí kókó wà ní kíndìnrín ọ̀tún, ẹ ní kí láàbù ṣàyẹ̀wò INI1, purotéènì tí jíìnì SMARCB1 ń ṣe. Bí INI1 bá pòórá, SMARCB1 ló bàjẹ́, renal medullary, oríṣi jẹjẹrẹ kíndìnrín mìíràn, ni, kì í ṣe clear cell. Kò gbọdọ̀ wọ inú tábìlì yín.

Akin_Àwòrán:
Ó kù díẹ̀. Ẹni méjì ni kó wọn ogún àwòrán àkọ́kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ jíìnì ta ni ó ń wò. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹ padà sí L3 kẹ́ ẹ tún un kà.