Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí mo rà l'Ọ́fà: ṣé kí káfíńtà kùn ún ní funfun ni àbí kí n jẹ́ kí igi rẹ̀ hàn?

Ìyá Àlíyà, Gáà-Àkànbí:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí káfíńtà tó dé ní Sátidé. Mo ra kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan àti àga onígi méjì lọ́wọ́ ìdílé kan tó ń palẹ̀ ilé bàbá wọn mọ́ l'Ọ́fà, Èkó làwọn ọmọ wà wọn ò ráyè kó ẹrù, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ò sì tó ìdajì owó àwọn kọ́bọ́ọ̀dù pákó àlẹ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà lójú títì Táíwò báyìí. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wúwo gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ sì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ tó jẹ́ pé mo máa ń dúró wò ó ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé pọ́líìṣì rẹ̀ ti dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú ń dà jáde níbẹ̀, àpótí kan tó yẹ kéèyàn máa fà jáde ò ṣeé fà rárá, ọwọ́ ilẹ̀kùn ti hewú tútù bí ewé. Àwọn àga náà ń mì, fóòmù wọn ti di ìyẹ̀fun, ẹnì kan sì ti kun ọ̀kan nínú wọn ní búlúù láyé ijọ́un, ọ̀dà yẹn ti ń ṣí. Káfíńtà ní òun máa fi maṣíìnì ha gbogbo ẹ̀ kúrò kóun wá kùn ún ní funfun pẹ̀lú góòlù létí, ọkọ mi náà fara mọ́ ọn. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n bo igi yẹn mọ́lẹ̀, ọkàn mi ò gbà á. Àlíyà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, gbogbo nǹkan ló ń kì bọ ẹnu. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán:
Àǹtí mi ẹ má bínú o, èmi wà lẹ́yìn ọkọ yín. Funfun máa ń jẹ́ kí pálọ̀ mọ́lẹ̀, pàápàá tí fèrèsé ò bá tóbi, kò sì ní náwó tó kí wọ́n máa ṣe pọ́líìṣì lọ́wọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Igi tó ti lẹ́gbin tó báyìí, ọ̀dà ló máa bo àṣírí ẹ̀.

Káfíńtà Ọ̀fà:
Ìyá Àlíyà ẹ kú oríire. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé maṣíìnì lé e. Ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò níbi tí pọ́líìṣì ò dé, tí ẹ bá rí i pé àwọ̀ búráùn ni, tó wúwo, tó le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrókò. Inú ìrókò gangan kì í yá kòkòrò láti jẹ, apá funfun tó sún mọ́ èèpo ni wọ́n ń wá. Àmọ́ àwọn ọ̀gá wa ayé ijọ́un kì í sábà fi ìrókò ṣe ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù torí pé kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn, arère ni wọ́n ń lò, ó fúyẹ́ ó sì rọrùn láti gé, arère yìí gan-an sì loúnjẹ kòkòrò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ibi tí wọ́n ti ń jẹ kọ́bọ́ọ̀dù yín ò ju ẹ̀yìn lọ, iwájú tí ẹ fẹ́ràn yẹn ṣì lè wà bó ṣe wà. Ẹ gbá lẹ́búlẹ́bú yẹn kúrò, ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tí tuntun bá tún dà sílẹ̀, wọ́n ṣì wà láàyè nínú ẹ̀. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i bí àwọn kan ṣe ń ṣe o, ìdin tó wà nísàlẹ̀ nínú igi ò ní gbúròó ẹ̀, pọ́líìṣì ò sì ní fẹ́ mú ibẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn yẹn dànù, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n fi páláńkì gidi tàbí plywood dípò ẹ̀, kí wọ́n wá fi Solignum, oògùn igi tó ń lé kòkòrò, kun ibi tí igi ti hàn ní ìhòòhò nínú lọ́hùn-ún, níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Títí òórùn ẹ̀ á fi lọ pátápátá, ẹ má kó nǹkan kan sí i.

Ní ti pọ́líìṣì, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ tí ẹ sì fún dáadáa nu ún, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Èéfín àti ìdọ̀tí ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú dúdú yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì díẹ̀ kan kọ̀rọ̀ kan tí kò hàn. Tí pọ́líìṣì bá yọ́, pọ́líìṣì àtijọ́ tí wọ́n ń pò pẹ̀lú sípíríìtì nìyẹn, kò sídìí láti ha á. Sípíríìtì yẹn náà lèèyàn máa fi rọra tún un tẹ́, kó wá fi tuntun lé e. Tí sípíríìtì ò bá ràn án, tó jẹ́ tínà ló yọ́ ọ, lákà ni, ìyẹn lẹ lè ha.

Maṣíìnì ò dáa fún iṣẹ́ ọwọ́ ara ilẹ̀kùn yẹn, á pa á rẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín gbẹ́ ẹ padà. Ìrókò tí wọ́n bá sì ha, pípọ́n bí pupa inú ẹyin ló máa kọ́kọ́ pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ di búráùn díẹ̀díẹ̀, ọdún púpọ̀ ni wọ́n máa ha dànù. Eruku ẹ̀ náà ò dáa fún àyà, mo mọ àwọn oníṣẹ́ igi tó ń wú ikọ́ títí dòní lórí ẹ̀.

Sísí Tánkẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n mi, àga búlúù yẹn ló ká mi lára jù. Ọ̀dà àtijọ́ máa ń ní òjé nínú. Òjé yìí ń ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́, kì í sì í fi ara hàn kíákíá, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fòfin de ọ̀dà olójé fún ilé gbígbé l'Ámẹ́ríkà láti 1978. Tí ẹ bá fi sáńpépà gbẹ ha á, eruku ẹ̀ á bà sórí ilẹ̀ tí Àlíyà ń rákò lé, ọwọ́ á sì kó o lọ sẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé àga yẹn kúrò nínú ilé. Tí wọ́n bá máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, omi ni kí wọ́n fi rẹ ẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, níta, lórí nylon tí wọ́n máa ká dànù, kí ẹni tó ń ṣe é fi nǹkan bo imú, kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ. Èyí tó bá ti ṣí nìkan ni kí wọ́n yọ, kí wọ́n kun òmíràn bò ó.

Ìyá Aláṣọ Òkè:
Alhaja mi, ẹ tú fóòmù yẹn àti aṣọ ẹ̀ dànù pátá, ẹ má ní ẹ fẹ́ sá a sóòrùn, ìdun lè wà níbẹ̀ kó sì kó wọ ibùsùn yín. Àga yín tó ń mì, wọn ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn o! Ìṣó ló máa ń la oríkèé àga. Kí wọ́n fa oríkèé yẹn yọ, kí wọ́n ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n fi tíúbù ọ̀kadà tí wọ́n gé gùn so ó mọ́ra pinpin títí di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá fẹ́ aṣọ tó yẹ igi yẹn, a wà n'Ílọrin, kí lẹ ń wá lèdà fún? Ẹ fi aṣọ òkè bò ó, àmọ́ kí wọ́n lẹ sítéè, aṣọ líle táwọn télọ̀ fi ń tẹ́ abẹ́ aṣọ, mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kí wọ́n tó kàn án, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ ìdí èèyàn á fà á ya níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Inú mi dùn tí mo rí ẹni tó ń gbé irú ẹrù yìí wọlé, a ti jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ dá iná.

Aládúgbò Pákátà:
Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Tí kò bá fà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ idẹ gidi, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ti tó, ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá fà á, irin tí wọ́n fi idẹ bò fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ má fi agbára ha á torí idẹ ara ẹ̀ á tán. Ẹ tú u kúrò lára igi kí ẹ tó ṣe é.

Ìyá Àlíyà, Gáà-Àkànbí:
Ọlọ́run á san yín lóore o. Mo ti gbé àga búlúù síta lálẹ́ àná. Bàbá mi Káfíńtà Ọ̀fà, sípíríìtì yọ́ pọ́líìṣì ẹ̀ lóòótọ́, àwọ̀ tó yọ lábẹ́ ẹ̀ dára débi pé mo pe ọkọ mi kó wá wò ó, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí a fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n òun ṣì fẹ́ nǹkan funfun kan. Mo ní kó mú àga búlúù, ó ṣáà gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà tuntun tẹ́lẹ̀. Àpótí tí kò ṣeé fà ló kù, káfíńtà wa ní òun máa fá a lára.

Káfíńtà Ọ̀fà:
Ẹ má jẹ́ kó fá a nísinsìnyí. Òjò ló mú igi wú, tó bá fá a báyìí, nígbà ọyẹ́ á wá gbò jìgìjìgì nínú ihò ẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là pa ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ ẹ̀ tí ẹ bá ti rí i fà jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró di Jánúárì. Tí kò bá wá gbọ́ nígbà yẹn, kó fá a. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi òróró linseed nu inú ẹ̀, àkísà tí ẹ bá fi nù ún, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kankan, ó máa ń gbóná fúnra ẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ sá a síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó gbẹ.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán:
Bàbá, mo gbà. Àǹtí mi, ṣé ìdílé yẹn ṣì ní ẹrù tó kù l'Ọ́fà?