Táyà mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá méjì: ìpààrọ̀ táyà Formula 1 wo ni kò kúrò lọ́kàn yín?

Ọmọ Òkèfìà
Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará Òṣogbo tí ẹ ń wo eré ìje ọkọ̀ Formula 1. Ìpààrọ̀ táyà ni kí á sọ lónìí. Èwo lẹ rí tí ó dùn yín jù, tàbí tí ó yà yín lẹ́nu jù? Ẹ má kàn dárúkọ ìdíje kí ẹ kọjá lọ o. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ àti ohun tó bà á jẹ́.

Táyà Pupa
Monaco 2021. Bottas.

Alágbẹ̀dẹ
Táyà Pupa, wọ́n ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tún ṣe é. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bá yín parí rẹ̀.
Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló ń de wíìlì ọkọ̀ Formula 1, kì í ṣe márùn-ún bíi ti Corolla. Nọ́ọ̀tì yẹn ní eyín, ẹnu ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń tú u náà ní eyín. Eyín gbọ́dọ̀ kó sínú eyín tán kí ìbọn tó yí. Lọ́jọ́ náà, ní wíìlì iwájú lápá ọ̀tún, ẹnu ìbọn kò jókòó dáadáa, ó ti ń yí. Agbára ìbọn yẹn kì í ṣe kékeré. Ó fá eyín nọ́ọ̀tì dànù títí kò fi sí ohun tí ìbọn lè dì mú mọ́. Ipò kejì ni Bottas, awakọ̀ Mercedes, wà. Ibẹ̀ ni ìdíje parí sí fún un. Sunday nìyẹn o. Tuesday ni wíìlì náà tó tú, nílé iṣẹ́ Mercedes ní England.

Ìyá Ìbejì
Kí ọjọ́ méjì kọjá lórí wíìlì kan! Fọkanáísà Ọlá-Ìyá ì bá ti gbé ṣísẹ́lì sí i.

Alágbẹ̀dẹ
Ìyá Ìbejì, ṣísẹ́lì kọ́ o. Bíréèkì kábọ́ọ̀nù ló wà lẹ́yìn wíìlì yẹn. Iná tó lé ní 1,000 digiri kì í ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ bí òòlù bá bà á, ó lè sán. Ẹni tó bá fi tìpá yọ wíìlì máa ra bíréèkì mọ́ ọn.

Ọmọ Ìgbóǹnà
Èmi gbà pé ti Bottas dunni, àmọ́ nọ́ọ̀tì tó kọ̀ láti tú ṣì sàn. Ọkọ̀ dúró, kò sẹ́ni tó fara pa. Èyí tó yẹ kó máa bani lẹ́rù ni nọ́ọ̀tì tó parọ́ pé òun ti le. Ẹ wo ikọ̀ Haas ní Australia, 2018. Magnussen wà ní ipò 4, Grosjean wà ní ipò 5. Magnussen wọlé síbi ìpààrọ̀ táyà, wọ́n pààrọ̀ táyà rẹ̀, ó jáde, wíìlì kan kò dè. Wọ́n ní kó dúró. Kò pẹ́ ni Grosjean náà wọlé: ohun kan náà. Ọkọ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan.
Ohun tó ń fa irú ẹ̀ nìyí: nọ́ọ̀tì wọ tíréèdì, ìlà tó ń gbà yí wọlé, ní ẹ̀gbẹ́. Ìbọn le mọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́, ẹni náà rò pé nọ́ọ̀tì ti dè, ó nawọ́ sókè, wọ́n tú ọkọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá máa mọ̀, ọkọ̀ ti lọ.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Ìgbóǹnà, èyí tí ẹ sọ yìí ń ṣẹlẹ̀ níbí lójoojúmọ́. Wọ́n á gbé ìbọn sí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ láì fi ọwọ́ yí i wọlé.

Alágbẹ̀dẹ
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá ń kà á, ẹ gbọ́: ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá le mọ́ ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tú u, ó ti ṣì tíréèdì wọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ má dè wọ́n yípo. Bí ẹ bá de tòkè, ẹ lọ sí èyí tó kọjú sí i nísàlẹ̀, kí rímù lè jókòó gbọọrọ. Ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ kí ẹ tó dè é parí. Agbára tí wọ́n fi ń de ti Corolla jẹ́ 103 Nm. Bí ẹ bá ti rìn tó 80 kìlómítà, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ọmọ Òkèfìà
80 kìlómítà, ìyẹn ni pé béèyàn bá lọ sí Ìbàdàn, kó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kó tó máa bọ̀.

Ọ̀dọ́ Ayétòrò
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn mélòó ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an?

Ọmọ Ìgbóǹnà
Àbúrò, mẹ́ta ló wà nídìí wíìlì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan mú ìbọn, ọ̀kan yọ táyà tó ti gbó, ọ̀kan ti tuntun wọlé. Ìyẹn jẹ́ 12. Ọ̀kan wà nídìí jáàkì iwájú, ọ̀kan nídìí jáàkì ẹ̀yìn, méjì di ọkọ̀ mú láàárín kó má mì. Ẹ tún fi ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kún un. Ikọ̀ McLaren ṣe é ní 1.80 ìṣẹ́jú àáyá fún Norris, awakọ̀ wọn, ní Qatar, 2023. Kò tíì sí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn.

Táyà Pupa
Èmi náà á kọ ọ́ gùn báyìí. Sakhir 2020. Russell gba ìjókòó Hamilton tí kòrónà mú, òun ló wà níwájú, Bottas tẹ̀ lé e. Mercedes pe àwọn méjèèjì wọlé tẹ̀léra. Ọ̀rọ̀ orí rédíò kò dé etí gbogbo àwọn tó ń gbé táyà. Wọ́n gbé táyà iwájú tó jẹ́ ti Bottas sí ọkọ̀ Russell! Bottas dé, táyà rẹ̀ ti lọ. Ó dúró níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá 27, wọ́n sì dá táyà tó ti gbó padà fún un. Russell ní láti tún wọlé kí wọ́n yọ ti ẹlòmíì kúrò. Òfin ní awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni táyà tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì kò lè yá ara yín.

Ìyá Ìbejì
Àánú Russell ṣe mí títí di òní.

Bàbá Wálé
Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ẹ kò tíì dé Singapore 2008. Massa, awakọ̀ Ferrari, ló wà níwájú. Nígbà yẹn wọ́n ṣì ń bu epo. Iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ tàn kí wọ́n tó yọ rọ́bà epo, Massa tẹ̀ ẹ́, ó fa rọ́bà náà lọ. Àwọn èèyàn Ferrari sáré tẹ̀ lé e dé òpin ọ̀nà láti lọ fà á yọ. Ipò 13 ló parí sí. Lópin ọdún, Hamilton fi àmì ẹyọ kan gba ife: 98 sí 97. Rọ́bà epo ló gba ife lọ́wọ́ Massa.

Alágbẹ̀dẹ
Bàbá Wálé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ Hungary ọdún yẹn ló gba ife náà. Ó ku ìyípo mẹ́ta, Massa wà níwájú, ẹ́ńjìnnì bú. Àmì 10 ló dànù níbẹ̀.

Bàbá Wálé
Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. Èèyàn ló tan iná Singapore.

Ọmọ Ìgbóǹnà
Iná náà ti ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Nítorí pé ọ̀nà ibi ìpààrọ̀ táyà kún fún ọkọ̀ ni wọ́n fi fi ọwọ́ tàn án ní ìdúró yẹn. Láti 2010 kò sí bíbu epo láàárín ìdíje mọ́, inú mi sì dùn sí i.

Bàbá Wálé
Inú tèmi kò dùn.

Ọ̀dọ́ Ayétòrò
Ẹ̀yin bàbá, táyà tí wọn kò pààrọ̀ ńkọ́? Ní Brazil, ìdíje tó kẹ́yìn ọdún 2008 yẹn, òjò ń rọ̀, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Glock kọ̀, kò wọlé, táyà ilẹ̀ gbígbẹ ló fi parí. Kọ́nà ìkẹyìn ni Hamilton ti kọjá rẹ̀ sí ipò 5 tó fi gba ife.

Táyà Pupa
Táyà òjò kékeré, èyí tó ní ìlà aláwọ̀ ewé, ń da omi bíi lítà 30 nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan lóde òní, bí ọkọ̀ bá ń sá 300 kìlómítà ní wákàtí. Táyà gbígbẹ ti 2008 ní ìlà mẹ́rin péré, wọn kò tó fún omi láti gbà. Ó kàn ń léfòó ni. Glock kò lè di ilẹ̀ mú.

Bàbá Wálé
Ọmọ Ayétòrò, èyí tí o sọ yìí dára. Àmọ́ Singapore ni.