Òṣùpá Júpítà ni, àbí ẹmẹ̀wà Júpítà?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi awò awọ̀nàjíjìn àti kámẹ́rà ya àwòrán ojú ọ̀run béèrè ohun tí òun lè kọ sábẹ́ àwòrán pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà tí òun yà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́rin ti tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnìkan dá a lóhùn pé kí ó kọ “òṣùpá mẹ́rin Júpítà”. Ẹlòmíràn ní “oṣù Júpítà” ló dára jù, nítorí pé oṣù ló ti wà ṣáájú òṣùpá. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ti “oṣù” kò gba àlàyé púpọ̀: bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti oṣù Ọ̀wàrà ni “oṣù Júpítà” yóò ṣe dún, ẹni tó gbọ́ ọ yóò sì máa béèrè ọjọ́ tó bọ́ sí.

“Òṣùpá” ló ṣòroó já ní koro. Nínú èdè wa, òṣùpá kì í ṣe ohun tó wà lókè nìkan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ náà ni. Inú òṣùpá la ti ń ṣeré, inú rẹ̀ la ti ń pàlọ́. Io, Europa, Ganymede àti Callisto, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin inú àwòrán náà, tí Galileo Galilei, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, fi awò rí lọ́dún 1610, kò tan iná fún ọmọ aráyé kankan rí. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn alẹ́ kan wà tí òṣùpá tiwa gan-an máa ń sún mọ́ Júpítà, tí ayàwòrán á sì kó gbogbo wọn sínú àwòrán kan. Ṣé “òṣùpá márùn-ún” ni yóò wá kọ síbẹ̀?

Ẹmẹ̀wà, ìránṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé ọba, ni èmi mú wá. Àwọn ẹmẹ̀wà kì í fi ọba sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó sójú kan. Io kì í lò tó ọjọ́ méjì kí ó tó yí Júpítà ká, nígbà tí Callisto ń lo bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ìdí nìyí tí àwòrán alẹ́ àná kò fi ní jọ ti òní. (Bí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ bá fẹ́ ẹmẹ̀sẹ̀, orúkọ ìránṣẹ́ ọba lọ́dọ̀ tiwọn, jù ú lọ, n kò ní bá wọn jà.) Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ọ̀nà yìí kan náà ni Johannes Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, gbà, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1611: satelles tó lò fún wọn, ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀ lé ẹni ńlá ni lédè Látìn. Inú rẹ̀ ni “sátẹ́láìtì” ti wá, ṣùgbọ́n àwo tẹlifíṣọ̀n orí òrùlé ló ń sọ sí wa lọ́kàn báyìí.

Ẹnìkan tún dábàá “ajá”, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ní í ṣe. Ó gbàgbé ìparí rẹ̀: Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òwe yìí wúlò fún ayàwòrán wa pẹ̀lú, torí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń tàn nítòsí Júpítà ló ń bá a rìn. Ìràwọ̀ tó jìnnà réré lè bọ́ sínú àwòrán náà. Kí ó tún un yà fún alẹ́ mélòó kan sí i: Júpítà yóò fi ìràwọ̀ sílẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà yóò ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú gbólóhùn, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe dún: Àgùàlà (pílánẹ́ẹ̀tì Venus) kò ní ẹmẹ̀wà, Máàsì ní méjì, ayé ní ẹyọ kan, òun la sì ń pè ní òṣùpá. Ẹni tó bá fẹ́ “òṣùpá” yóò ní láti kọ ọ́ pé òṣùpá ni òṣùpá ayé.