Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ètò ìlera fún òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ní ibi àdìrẹ, owó tó wà ò pọ̀

Ìyá Aláró
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ibi àdìrẹ ni mò ń bójú tó l'Abẹ́òkúta níbí. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá: mẹ́sàn-án ń rẹ aṣọ, mẹ́ta ń fi àbẹ́là ya iṣẹ́ sára aṣọ, méjì ń tajà n'Ítòkú. ₦60,000 lóṣù ni mo lè yọ sílẹ̀ fún ìlera wọn. Àwọn kan ní kí n ra insọ́ránsì, àwọn kan ní kí n máa fún wọn lówó oògùn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Akọ̀wé Owó
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aláró. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ san èyí tí òfin ti gbé kà yín lọ́rùn. Òfin 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dúró ti òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá ń gba ₦77,000, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ògùn fọwọ́ sí ní 2024, ₦1,078,000 ni àpapọ̀ yín, ẹ ó sì máa san ₦10,780. Àpò tiyín ló ti máa jáde, òfin ò gbà kí ẹ yọ ọ́ nínú owó wọn.

Àkókò ló máa ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún yín pé òun fara pa, ọjọ́ 7 ni ẹ̀yin ní láti fi tó NSITF létí. Ẹ ra ìwé kan síbẹ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó rí i sínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti insọ́ránsì, òfin NHIA (àjọ insọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀) ti 2022 kan gbogbo ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè. Èyí tí ẹ ó mú ló kù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye lọ́wọ́ OGSHIA, àjọ insọ́ránsì ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ẹ tó lọ bá HMO, ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń bójú tó insọ́ránsì ìlera.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi èyí kún un: ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan insọ́ránsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe é sódì. Wọ́n á sanwó tán, wọ́n á wá rí i pé ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí jẹ́ ọkọ̀ méjì sí ilé wọn. Òṣìṣẹ́ ò ní lọ, kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló máa gbà lọ.

Ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ń gba iye kan lóṣù lórí orí kọ̀ọ̀kan, ì báà wá, ì báà má wá. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé síbi tó tóbi, HMO á sì fún wọn ní kóòdù kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjókòó pípẹ́ ti ń wá, nítorí náà kí nọ́ńbà HMO wà lórí fóònù olúkúlùkù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè: ọjọ́ mélòó kí káàdì tó ṣiṣẹ́? Ṣé iṣẹ́ abẹ ìbímọ wà níbẹ̀? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ńkọ́, títí ọdún á fi parí ni àbí oṣù díẹ̀? Ọmọ mélòó? Bí ìdáhùn ò bá sí nínú ìwé, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ògbó Aláró
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ sódà kọ́sítíìkì tí à ń pò mọ́ aró! Àìsàn tó máa pọ̀ jù níbẹ̀, inú ike aró ló ti ń jáde wá. Owó ìlera ti oṣù kìíní, ẹ fi ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá fún àwọn mẹ́sàn-án. Kí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ síta bí etí aṣọ, kí omi aró má bàa ṣàn wọnú bí wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè. Láràárọ̀, kí wọ́n bu omi sí i, kí wọ́n fún un: ibi tó bá ń kán, kó di pàǹtí.

Sódà ni à ń da sínú omi tútù, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sórí sódà láé, á hó tà síni lójú. Ike ni kí ẹ lò, sódà máa ń jẹ abọ́ alumíníọ́ọ̀mù. Haidirọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun kejì tí à ń pò mọ́ aró, ní tirẹ̀, ẹ dé e pa níbi gbígbẹ, torí bí omi bá kán sí i, ó lè gbóná títí á fi gbiná. Èéfín rẹ̀ ń fún àyà; ìbomú bébà ò lè dá a dúró, ìta gbangba ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́.

Bí sódà bá kan ara, ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Títí yíyọ̀ yẹn á fi lọ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Bó bá kan ojú, ẹ la ìpéǹpéjú, kí omi mímọ́ máa ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbéra lọ sílé ìwòsàn. Kò sí epo, kò sí wàrà ọyàn.

Ìyá Aláró
Ẹ ṣeun gan-an. Owó oògùn lọ́wọ́ wá ńkọ́?

Akọ̀wé Owó
Ẹ má fún wọn lówó lọ́wọ́, owó ọkọ̀ àti owó ilé-ìwé ló máa jẹ ẹ́. Ẹ dá àpótí sílẹ̀: ₦1,000 lóṣù lọ́wọ́ olúkúlùkù, kí ẹ̀yin náà fi ₦14,000 kún ₦14,000 wọn. ₦336,000 lọ́dún nìyẹn. Àáró Lísàbí gan-an ni. Kí ó máa san ìyókù tí insọ́ránsì ò san, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́. Láìsí òté lórí ohun tí ẹnì kan lè gbà lọ́dún, ẹni méjì á gbé e tán kí Oṣù Kẹfà tó pé. Lẹ́yìn NSITF àti èyí, ₦35,220 kù fún insọ́ránsì lóṣù, ìyẹn lé díẹ̀ ní ₦30,000 lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye tí ẹ ó fi na ọjà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ohun kan ń dùn mí. Bó bá jẹ́ iye aṣọ tí wọ́n bá rẹ ni ẹ fi ń sanwó fún wọn, wọn á máa fi àìsàn pamọ́. Òfin iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá kọ̀wé sí i. Ẹ san án. Bí ẹnì kan ò bá sì sùn mọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti Àrò wà nítòsí wa, wọ́n sì ń rí aláìsàn tó ń ti ilé wá. Ẹ rí i pé insọ́ránsì yín kà á kún.

Ìyá Aláró
Ó ti yé mi. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá. Ti apá ni àbí ti ọrùn ọwọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ti apá, mà. Ẹ ra ìdì ńlá (aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá) mọ́ ọn, torí ìdì kékeré lórí apá títóbi á gbé nọ́ńbà sókè lásán. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n ti tọ̀, ẹsẹ̀ nílẹ̀, apá lórí tábìlì, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ìgbà méjì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ń jẹ́ 140/90 sókè lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ilé ìwòsàn. 180/120 pẹ̀lú àyà dídùn tàbí ojú ṣíṣú, wákàtí yẹn gan-an ni. Kí ẹ má sì ka nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sókè létí àwọn yòókù.