Wífìlì: imú ni àbí ẹnu? Èmi fara mọ́ alágòógó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé fáwọn àgbẹ̀ ti béèrè pé kí ni ká máa pe weevil, ìyẹn kòkòrò kékeré tí nǹkan gígùn yọ síwájú orí ẹ̀, lédè wa, tí wọ́n sì ní àwọn ti kọ "kòkòrò onímú gígùn" sílẹ̀ ná. Àǹtí kan ní rárá, "ọlọ́wọ́jà" ló yẹ ẹ́, torí ohun tó gùn lójú ẹ̀ yẹn jọ ọwọ́jà erin. Ẹlòmíì ní ká kúkú kọ "wífìlì" ká lọ sùn. Ẹnì kan tún wá ní ìwé atúmọ̀ èdè ti parí ẹ̀ tipẹ́, "kòkòrò inú ọkà" ni, kí la tún ń bára wa fà.

Ẹ má bínú o, èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú yín, àmọ́ kí n tó sọ tèmi, ẹ jẹ́ ká wo kòkòrò náà fúnra ẹ̀ dáadáa, torí ó jọ pé orúkọ là ń jà lé lórí, a ò wo ara ẹ̀.

Èyí tó wà nílé gbogbo wa ni mo mú, èyí tó ń jẹ àgbàdo, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sitophilus zeamais. Ẹ lọ tú àpò àgbàdo tó ti pẹ́ díẹ̀ nílé, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sórí bébà funfun, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun díẹ̀ á dà sílẹ̀, àwọn nǹkan dúdú kékeré á já bọ́ pẹ̀lú ẹ̀, wọn ò ní mira, gbogbo ẹsẹ̀ wọn á ká mọ́ra, ẹ máa rò pé wọ́n ti kú. Irọ́ ni o. Ẹ fún un níṣẹ́jú díẹ̀, á na ẹsẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Gígùn ẹ̀ ò ju mìlímítà 2.5 sí 4.5 lọ, àwọ̀ ẹ̀ dúdú tó fara jọ búráùn, ó sì ní àmì mẹ́rin tó pupa rúsúrúsú lẹ́yìn, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Tẹ́ ẹ bá ní lẹ́ǹsì tó ń mú nǹkan tóbi nígbà mẹ́wàá, ẹ wo ibi tó wà láàárín orí ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ róbótó bíi páànù tí wọ́n fìṣó lu láti fi rin gbágùúdá.

Ó wá ku nǹkan gígùn yẹn. Ó yọ síwájú láti orí, ó tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ojú méjèèjì wà ní ìdí ẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wo ṣóńṣó ẹ̀ gan-an lẹ máa rí ohun tó ń fa ìjà yìí: eyín ló wà níbẹ̀. Mo ní eyín, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kékeré méjì tó ń gé nǹkan láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kì í fà á mu bí ẹ̀fọn ti ń fa ẹ̀jẹ̀, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Abo á fi dá ihò sára hóró àgbàdo, á yíjú padà, á yé ẹyin kan ṣoṣo síbẹ̀, á wá fi nǹkan bí oje dí ẹnu ihò náà pa, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń ṣa àgbàdo yẹn lọ́jà, kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí. Ibẹ̀ ni ìdin tí ò lẹ́sẹ̀ máa wà, tí á máa jẹun, tí á máa sanra títí tí á fi para dà, nílẹ̀ olóoru bíi tiwa kò ju bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tí àgbà á fi dá hóró náà lu jáde. Ẹni tó tún ní ká máa pe kòkòrò yìí ní "ìdin àgbàdo", ọmọ ẹ̀ nìkan ni ìyẹn bá mu o, kò bá ìyá mu.

Torí náà ẹnu ni. Ẹnu tó gùn ni. Imú tiẹ̀ dà? Kòkòrò ò fi iwájú orí mí, àwọn ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ara ẹ̀ ló fi ń mí, ohun tó sì fi ń gbóòórùn ni ìwo ẹ̀ méjèèjì. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí imú ń ṣe lára èèyàn, kò sí ọ̀kankan tí nǹkan gígùn yìí ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n, ìdí tí mi ò fi lè gba "onímú gígùn" nìyẹn, àgbẹ̀ tó bá kà á máa rò pé nǹkan yẹn fi ń gbóòórùn àgbàdo kiri ni. "Ọlọ́wọ́jà" dùn létí o, àǹtí wa mọ ọ̀rọ̀ ọ́ jù, ṣùgbọ́n ọwọ́jà erin rọ̀, ó ń ká, ó ń nà, imú ni, ọwọ́ tún ni, abẹ́ ẹ̀ ni ẹnu erin wà. Ti kòkòrò yìí le gbagidi.

Ohun tó le, tó gùn, tó yọ síwájú orí, tó sì jẹ́ pé ẹnu gan-an ni, ṣebí a ti lórúkọ fún un? Àgógó ẹyẹ. Nítorí náà mo dábàá ALÁGÒÓGÓ, ká sì máa pe nǹkan gígùn yẹn fúnra ẹ̀ ní àgógó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra àtisọ pé àwọn èèyàn máa kà á bí alágogo, ẹni tó ni agogo, pàápàá torí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ fóònù. Ẹ fara balẹ̀. Oní pẹ̀lú àgógó kì í di alágógó, bí oní àti àdúrà ṣe di Aládùúrà náà ló ṣe máa rí: ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níwájú á sún síwájú, fáwẹ́lì á gùn, a ó ní alágòógó. Ẹ bá yọ gbogbo àmì kúrò, ọ̀kan á jẹ́ alagogo, èkejì á jẹ́ alagoogo, lẹ́tà kan ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Mélòó nínú àwọn ọ̀rọ̀ tá à ń dá sílẹ̀ ló ṣeé kà láìsí àmì bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé atúmọ̀ èdè ti parí ẹ̀, "kòkòrò inú ọkà" ò burú fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àká nìkan. Àmọ́ ọkà wo? Ẹ sọ ọ́ fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, àmàlà ló máa wá sí i lọ́kàn, á ní ta ló se kòkòrò mọ́ oúnjẹ. Lóòótọ́ ó ń wọ gbodo àti ègé gbígbẹ pẹ̀lú, ìyẹn ni pé àwàdà yẹn gan-an ò jìnnà sóòótọ́. Ohun tó burú jù ni pé ẹbí kòkòrò yìí pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn tí wọ́n ti fún lórúkọ ju 50,000 lọ, àwọn tó ń gbé inú hóró ò tó nǹkan kan nínú wọn. Èyí tó ń lu ọ̀dùnkún níhò, ìyẹn Cylas, alágòógó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹ lè pè é ní èèrà. Ìtun tí wọ́n ń wá nínú ọ̀pẹ tó ti ṣubú, tí wọ́n ń dín jẹ, ìdin alágòógó ńlá kan báyìí ni, Rhynchophorus, ìbátan tó sún mọ́ ti àgbàdo yìí gan-an ni. Ẹ tún wo Elaeidobius kamerunicus tó ń gbé inú òdòdó akọ ọ̀pẹ, òun ló ń gbé àtíkè òdòdó lọ bá òdòdó abo kí ẹyìn tó so. Àwọn ará Malaysia ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pẹ wọn, àfìgbà tí wọ́n gbé kòkòrò náà láti Kamẹrúùnù lọ síbẹ̀ lọ́dún 1981, ìgbà yẹn ni wọ́n tó sinmi. Kí ni ìyẹn kàn nínú ọkà?

Ibi tí mo ti fẹ́ ká ṣọ́ra jù rèé. Gẹ̀ẹ́sì ń pe kòkòrò inú ẹ̀wà náà ní weevil, àwọn kan nínú yín ti fẹ́ kó wọn pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Ẹ mú kòkòrò ẹ̀wà kan, Callosobruchus maculatus, ẹ wo iwájú orí ẹ̀: kò sí àgógó kankan níbẹ̀, pẹlẹbẹ ló rí. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ohun tó bo ìyẹ́ ẹ̀ kúrú, ìdí ẹ̀ yọ síta. Kì í dá ihò yẹ́yin bíi ti àgbàdo, ara ẹ̀wà níta ló ń lẹ ẹyin mọ́, àwọn àmì funfun tóótòòtó tẹ́ ẹ máa ń rí lára ẹ̀wà yẹn nìyẹn, ìdin ló máa wá dá ara ẹ̀ wọlé. Ìdílé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé ló ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ló da àwọn méjèèjì pọ̀, kí ló dé táwa náà á fi bá wọn dà á pọ̀? Kòkòrò ẹ̀wà tá à ń pè é tẹ́lẹ̀ yẹn tó o.

Àwọn ẹ̀yà ara tó kù ò le. Ìyẹ́ líle méjì tó bo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní àkọ̀ ìyẹ́, torí ìyẹ́ tó fi ń fò wà lábẹ́ ẹ̀ bí idà nínú àkọ̀, ẹni tó mọ̀wé Yorùbá ò ní béèrè ìtumọ̀. Ìwo náà tó fún nǹkan méjì tó fi ń gbóòórùn yẹn, a ṣáà ń sọ ìwo ìgbín, èyí tí ò le rárá. Ti alágòógó tó ń jẹ àgbàdo yìí ní ìgúnpá, ó ṣẹ́ kọ́dọrọ láàárín, ìpẹ̀kun ẹ̀ sì wú bíi kùmọ̀, ẹ lè kọ "ìwo onígúnpá" ká máa lọ. Itan, orúnkún, ojúgun, gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló máa ń tan èèyàn, oríkèé márùn-ún ló ní, àmọ́ mẹ́rin lojú ń rí, torí ìkẹrin kéré jọjọ, ó sá pamọ́ sáàárín ìkẹta tó là sí méjì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀ sábo, àgógó náà ni kẹ́ ẹ wò. Ti akọ kúrú, ó nípọn, ó rí págunpàgun. Ti abo gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán.

Ìṣòro tó kù ni pé alágòógó méjì kan tó jọra jọ ń gbé ni. Zeamais àti oryzae, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní ti ìrẹsì, jọra wọn bí ìbejì, àmì mẹ́rin mẹ́rin, àwọn méjèèjì níyẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń fò. Kí Kuschel, onímọ̀ nípa kòkòrò, tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lọ́dún 1961, ẹ̀yà kan tó ní ńlá àti kékeré ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà wọ́n sí. Títóbi sì ń tanni jẹ, torí èyí tó bá dàgbà nínú hóró kékeré, kékeré náà ló máa jẹ́. Kí ẹ tó lè dá a lójú, àfi kẹ́ ẹ mú akọ, kẹ́ ẹ la inú ẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kẹ́ ẹ yọ nǹkan ọkùnrin ẹ̀: ti ìrẹsì dán gbọrọgbọrọ, ti àgbàdo ní ilà méjì gbọọrọ lórí ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ilà ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ bíi tàwa náà láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ni ò ṣeé fi hàn ní gbangba.

Torí ẹ̀ lara mi ò fi gba "alágòógó àgbàdo" àti "alágòógó ìrẹsì", kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn rárá, nítorí pé ti àgbàdo ń jẹ ìrẹsì, ti ìrẹsì ń jẹ àgbàdo, ẹ lè bá àwọn méjèèjì nínú àpò kan. Mo rò ó títí, mo fẹ́ sọ pé ká pe zeamais ní "alágòógó onílà", ká pe èkejì ní "alágòógó aláìnílà", ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé àgbẹ̀ yín lè gbé e? Ẹni tó ń ka ìwé lóko ò ní la inú kòkòrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ṣé ẹ ní orúkọ ilé kankan fún wọn lọ́hùn-ún, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó gbé ìwé lọ sílé ìtẹ̀wé.