Tírélà àlòkù àbí gbèsè báńkì: báwo ni ẹbí tó ni MSC ṣe dàgbà?

AdéTírélà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tírélà méjì ni bàbá wa ní, tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí a ti ń fi wọ́n kó kọ̀ntẹ́nà láti Àpápá lọ sí Ọ̀tà àti Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a yáwó báńkì ra tuntun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní èlé orí owó náà á gbé gbogbo èrè wa mì. Ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà nílé, ìyá wa ò sùn dáadáa mọ́. Mo gbọ́ pé ẹbí kan ṣoṣo ló ni MSC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tí a ń rí orúkọ rẹ̀ lára kọ̀ntẹ́nà lójoojúmọ́. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀?

MámàWharf
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Láti 1987 ni mo ti wà nídìí ìwé ẹrù ní Wharf Road, táíparáítà ni a ń lò nígbà náà. Orúkọ MSC ti gba ọwọ́ mi kọjá débi pé mo wá ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kàn.

Gianluigi Aponte ni. 1940 ni wọ́n bí i ní Sant'Agnello, lẹ́bàá Sorrento ní Ítálì, ìdílé atukọ̀ ló sì ti wá. Òun náà ṣe ọ̀gá atukọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí erékùṣù Capri, ibẹ̀ ló ti pàdé Rafaela tó fẹ́. Ní 1970 ó ra ọkọ̀ ẹrù kan, Patricia. Àlòkù ni, ọmọ mi! Kò pẹ́ tó fi ra èkejì, ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ó sì ń fi wọ́n ná ọ̀nà òkun Mẹditaréníà sí Sòmálíà. Ní 1978 wọ́n kó ọ́fíìsì lọ sí Geneva, ìlú tí kò ní òkun rárá.

Nígbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń fẹnu kò lórí iye tí wọ́n máa gbé ẹrù. Aponte ò bá wọn ṣe é. Owó tirẹ̀ máa ń fúyẹ́, ohun tó sì jẹ́ kó lè gba owó tó fúyẹ́ ni pé kò jẹ gbèsè ọkọ̀ tuntun. Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Tí ẹrù bá ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ra àlòkù lè so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó má kú. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í mọ̀ pé ẹrù ò sí. Òpin oṣù á pé, wọ́n á kan ilẹ̀kùn.

Àlòkù náà ní wàhálà tirẹ̀, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Ó máa ń mu epo, ó sì máa ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ ẹ́ńjìnnì kó má dán an wò. Inú ọkọ̀ ni Aponte dàgbà sí, ó mọ ohun tó ń rà.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn ò fi ìwà yẹn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lówó. Láti oṣù kẹjọ 2020, nígbà tí owó kọ̀ntẹ́nà gùn òkè, wọ́n ra àlòkù tó lé ní 200. Nígbà tó di January 2022, wọ́n kọjá Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti Dẹ́nmáàkì, wọ́n di ẹni àkọ́kọ́ láyé nínú àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó kọ̀ntẹ́nà. Aponte ti pé ọmọ ọdún 81 nígbà náà.

Òṣìṣẹ́ÈbútéLómè
Mámà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ní Lómè níbí, ọwọ́ MSC wà nínú èbúté kọ̀ntẹ́nà LCT (Lomé Container Terminal) tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014. Ọkọ̀ ńlá á gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó já ẹrù, ọkọ̀ kékeré á wá kó o lọ sí Kùtọnu, Àpápá tàbí Tin Can. Nípa bẹ́ẹ̀, lára kọ̀ntẹ́nà tí AdéTírélà ń gbé ti sùn lọ́dọ̀ wa kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní December 2022, MSC tún fi bílíọ̀nù 5.7 owó yúrò ra iṣẹ́ èbúté àti ẹrù kíkó tí Bolloré, ilé-iṣẹ́ Faransé, ń ṣe ní Áfíríkà, òun ló ń jẹ́ AGL (Africa Global Logistics) báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹ̀gbọ́n náà díẹ̀. Maersk náà, bàbá àti ọmọ ló dá a sílẹ̀ ní Svendborg, ní Dẹ́nmáàkì, ní 1904, àlòkù ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn pẹ̀lú. Àmọ́ nígbà tó yá, wọ́n dá ilé ìkànkọ̀ tiwọn sílẹ̀ ní Odense, wọ́n sì ń kan tuntun fúnra wọn nígbà náà. Ibẹ̀ ni Emma Mærsk, ọkọ̀ kọ̀ntẹ́nà ńlá, ti jáde ní 2006. Tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

MámàWharf
Òótọ́ lẹ sọ, àbúrò, mi ò bá tuntun jà. Gbèsè ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ rántí Hanjin, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti Kòríà, iṣẹ́ ẹbí ni òun náà. Wọ́n fi owó gọbọi háyà ọkọ̀ fún ọdún pípẹ́, iye tí à ń gbé ẹrù sì já wálẹ̀. Ní ìparí August 2016 wọ́n sá lọ bá kóòtù. Ọkọ̀ wọn wà lójú òkun pẹ̀lú ẹrù onẹ́rù, àwọn èbúté ò jẹ́ kí wọ́n wọlé nítorí wọn ò mọ ẹni tó máa sanwó. Ní February 2017, kóòtù ní wọ́n ti wọko gbèsè. Èmi gan-an rí oníbàárà tó ń sunkún ní ọ́fíìsì wa nígbà yẹn.

AdéTírélà
Ẹ ṣeun gan-an, Mámà. Mo ka ọ̀rọ̀ Hanjin yẹn sétí ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní tí Bàbá bá gbà kí a ra ẹyọ kan sí i nínú owó tó wà nílẹ̀, òun á fi ti báńkì sílẹ̀ lọ́dún yìí. Bàbá ti gbà.

MámàWharf
Inú mi dùn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀ náà, mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kí bàbá yín sì gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó bá ṣì tutù.